Mo Gbé Imú Mi Lọ sí Góòlù Kóòsì

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò ní Ìlá, ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Àsábí ìyàwó mi fọ́ kànáfùrù sí àtẹ́lẹwọ́, tó gbé e sábẹ́ imú mi.

"Bàbá Sálíù, ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?"

Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń bá ẹrù mi tó ń dì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra lọ́fínńdà lọ́wọ́ mi lọ́jà Ìlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni imú mi ti kú. Àsábí nìkan ló mọ̀. Òun ló ń bá mi gbóòórùn ọjà kí n tó tà á. Oúnjẹ pàápàá kò lórúkọ mọ́ lẹ́nu mi. Bó bá bi mí bí ọbẹ̀ ṣe rí, n kì í purọ́, omi gbígbóná ni mo máa ń pè é. Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé, ta ni yóò sì ra lọ́fínńdà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbóòórùn?

Ráájí, ọmọ Ìlá tó ń ta aṣọ ní Kéèpù Kóòsì, ló kọ̀wé sí mi pé nítòsí òun ni wọ́n ti ń se òróró ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn òyìnbó ń fi sí lọ́fínńdà, pé òórùn ibẹ̀ le débi pé òkú á sín. Mo ní bí òkú bá lè sín, imú mi náà lè jí.

Mọ́tò akẹ́rù gbé mi dé Òṣogbo nínú eruku pupa, mo wọ ọkọ̀ ojú irin dé Èkó. Láti Èkó, lọ́rì gba Ìdí-Ìrókò kó wa wọ ilẹ̀ Faransé. Àwọn aṣọ́bodè tú ẹrù wa lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún tú u ní Lómè. Ọ̀nà etí òkun dán ju tiwa lọ, òótọ́ ni. Àwọn èrò ń yin afẹ́fẹ́ òkun, èmi jókòó láàárín wọn bí adití níbi orin. Wọ́n ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Tèmi kò dùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ráájí fi dokono gbà mí lálejò. Ẹ̀kọ ni, àmọ́ wọ́n máa ń jẹ́ kó kan gan-an. Kọ́bọ̀ kan ni wọ́n ń ta ọ̀kan. Ewé eéran ni a fi ń pọ́n tiwa, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi ń wé tiwọn. Ahọ́n mi mọ kíkan rẹ̀, inú mi sì dùn sí i ju bó ti yẹ lọ.

Lọ́jọ́ kejì a lọ síbi tí wọ́n ti ń se òróró náà. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà nílẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Ankaa ni wọ́n ń pe ọsàn níbẹ̀. Wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń da omi rẹ̀ sínú àgbá irin ńlá, wọ́n ń fi iná sè é. Ooru rẹ̀ ń gba inú páìpù tútù kọjá, òróró sì ń kán síta díẹ̀díẹ̀. Odidi ọkọ̀ ọsàn kan, ìgò díẹ̀ péré! Ní Ìlá, bí obìnrin kan bá ń se àdín, gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀.

Òṣìṣẹ́ kan ṣí ọmọrí. Ó ní, "Huam!" Òórùn nìyẹn lédè wọn. Mo ki orí bọ inú ooru náà, mo mí kanlẹ̀. Ojú mi ń da omi. Ráájí sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n, ó mà wọ̀ yín lára o! Ẹ̀ ń sunkún!"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn. Ẹkún gidi ni mo ń sun, nítorí n kò gbọ́ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ìrètí mi parí sí.

Wọn kì í ta òróró náà ní ìgò. Inú àgbá ló ń bá lọ sí òkè òkun. Àmọ́ ta ló fẹ́ ti àjò bọ̀ lọ́wọ́ òfo? Ní gáréèjì Ákírà, ọkùnrin kan tó mọ Yorùbá sọ ní òun ní ìgò òróró náà kan, ṣílè mẹ́wàá. Ó ṣí i, ó nà án sí mi. Mo dijú, mo fà á símú, mo mi orí bí ẹni tó mọṣẹ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó gba owó, ó fi ìda dí ẹnu ìgò náà pa.

Lẹ́yìn ìrun Aláásárì ni mo wọ Ìlá. Àsábí kí mi kú ewu ọ̀nà, kò béèrè imú. Ó ti rí ojú mi. Mo gbé ìgò náà fún un. Ó ṣí i, ó gbé e símú, ó gbé e kúrò kíá.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn, Bàbá Sálíù. Ó dùn púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi í pamọ́, ẹ má tíì tà á."

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ìrun Mọ̀gàríbì kù sí dẹ̀dẹ̀, mo gbé bútà lọ sẹ́yìn ilé láti ṣe àlùwàlá. Àsábí kò rí mi. Ó lóṣòó ti àtùpà, ìgò mi tí ìda ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rọ ọ́ sínú àtùpà. Ó ṣáná sí i. Ó tàn dáadáa, bíi kẹrosíìnì tí a ń rà lọ́jà wa.

Ohun tí àjò kọ́ mi nìyí: ẹni tí wọ́n ta kẹrosíìnì fún lórúkọ lọ́fínńdà kò gbọ́dọ̀ ta lọ́fínńdà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti ti ìsọ̀ mi pa.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Àsábí gbé àtùpà náà sáàárín wa, ó gbé iyán kalẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ó bi mí bí ọbẹ̀ ṣe rí. Ó ti pẹ́ tó ti bi mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Mo ní ó dùn. Mo ní ó dùn púpọ̀.