Gòjé Tí Bàbá Mi Fi Kùránì Kọ̀

Ọdún tó tẹ̀lé ọdún tí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí pa nítorí kòrónà ni wọ́n wá bá mi ní Igbona l'Óṣogbo, pé gòjé àtijọ́ kan wà ní Iléṣà tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ilé tí wọ́n ń kó nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sábẹ́ rẹ̀. Ìdílé kan ní Iléṣà ní bàbá àwọn ni. Àwọn àgbà díẹ̀ l'Óṣogbo ní rárá o, bàbá tèmi ni. Ìwọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀, má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

Bàbá mi ló ṣe é. Ẹ̀yìnkùlé wa ló ti ṣe é, mo sì jókòó tì í. Igbá omi ìyá mi ló lò. Igbá náà ti là tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti fi okùn rán an. Ìyá mi wá igbá títí.

"Ẹ gbọ́, igbá mi dà?"

"Ó ti ríṣẹ́ mìíràn."

"Igbá omi mi lẹ sọ di gòjé! Ó dáa. Bí òùngbẹ bá gbẹ yín, ẹ máa ta gòjé mu!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó na awọ awọ́nríwọ́n lé igbá lójú, ó fi irun ìrù ẹṣin ṣe okùn rẹ̀. Nígbà tí gòjé náà kọ́kọ́ ké, ìyá mi pàápàá gbàgbé omi.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá mi lọ sí Mẹ́kà. Lágboolé wa nígbà náà, ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé kì í ta gòjé mọ́. Àwọn àáfà wá kí i kú àbọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Iléṣà, tó ń ta aṣọ láwìn, wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń gbé omi fún wọn. Ìyá mi ti fi aṣọ bo gòjé lára ògiri, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ yọ síta. Àáfà kan rí i.

"Àlájì, ṣé ẹ tún ṣe òmíràn bọ̀ láti Mẹ́kà ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti bàbá mi. Kùránì wà níwájú rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé e.

"Wàláhì, èmi kọ́ ni mo ṣe é."

Ta ni kò mọ̀ pé òun ló ṣe é? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀.

"Tèmi ni. Èmi ni mo ṣe é, mo kàn fi pamọ́ síbí ni."

Ó dìde, ó gbé gòjé sábẹ́ agbádá, ó di Iléṣà. Bàbá mi ò béèrè rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó ládùúgbò, mo máa ń rí ìka rẹ̀ tó ń jó lórí itan rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá bá mi yìí, ọmọbìnrin mi gbé mi lọ sí Iléṣà. Àkọ́bí ọ̀rẹ́ bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún mi. "Yèyé, ẹ káàbọ̀ sí ulé wa." Ó gbé gòjé lé mi lẹ́sẹ̀. Awọ rẹ̀ ti ya. Mo tọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ mi ba ojú ibi tí wọ́n ti rán igbá ìyá mi. Ọkùnrin tó ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wá kọ orúkọ jókòó, ó ń wo ẹnu mi.

"Yèyé, ẹ má bínú," ni ará Iléṣà wí. "Bàbá mi sọ fún wa pé bàbá yín fi Kùránì búra pé àwọn kọ́ ni wọ́n ṣe é. Ṣé bàbá yín á búra èké ni?"

Kò bú mi o. Ìbéèrè ló bi mí. Bí mo bá ní bàbá mi ló ṣe é, èmi ọmọ rẹ̀ ni mo sọ ọ́ di abúra-èké lẹ́yìn tó ti Mẹ́kà dé. Bí mo bá dákẹ́, orúkọ rẹ̀ lọ nìyẹn.

"Màmá, kí lẹ wí?" ni ọkùnrin náà bi mí.

Mo ní, "Bàbá mi kì í purọ́."

Ó kọ orúkọ tí àwọn ará Iléṣà fún un. Ọmọ mi gbé mi padà sí Òṣogbo.

Nígbà tó yá, mo pe àwọn ọmọ mi jọ, mo sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n fẹ́ lọ jà. Mo ní: "Ẹ jókòó. Ará Iléṣà ò jí nǹkan kan. Ìtìjú bàbá wa ni bàbá wọn bá wa rù. Bó bá wù yín, ẹ lọ wo gòjé náà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ dúró bí àwọn yòókù ṣe ń dúró, ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé."