Fídáù Tí A Fi Bo Àpérò Wa

Òórùn íǹkì àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ lù mí nímú lórí àtẹ̀gùn ilé yẹn ní Ṣómólú. Bí mo ṣe ń gòkè ni òórùn mìíràn ń dà pọ̀ mọ́ ọn, òórùn tùràrí, tó jẹ́ òórùn ilé wa, nítorí tùràrí àti lọ́fínńdà ni ìyá mi ń tà ní Bárígà títí di òní. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ibi tí mo ti gbóòórùn tùràrí tí àyà mi kì í já, bí ẹni pé ìyá mi ti dúró sẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ náà, ó já ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Àpérò ni mo bá lọ. Àwa bí ọgbọ̀n la fẹ́ pàdé ní yàrá òkè yẹn, ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin bíi tèmi, àti àwọn tí ará ilé wọn kò tíì rí orúkọ tó dáa pè wọ́n. Àwọn kan wá láti Abẹ́òkúta, àwọn kan láti Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ ni èmi fi rìn wá láti Bárígà. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí èèyàn lè ṣe bí ọlọ́pàá bá gba fóònù rẹ̀ lójú títì, dókítà tó lè tọ́jú wa láì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, àti ibi tí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé lè sùn sí. Kò sí ohun burúkú kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n o mọ òfin ilẹ̀ yìí. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tó ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó pè é àti ẹni tó jókòó síbẹ̀. Síbẹ̀, kí n má purọ́ fún ọ, ọlọ́pàá kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìyá mi ni. Bó bá gbọ́, mo ti pàdánù ilé nìyẹn, mo sì ti pàdánù ìyá mọ́ ọn.

Lọ́yà kan tó ń gbé Ọbáníkòró ló ṣètò gbogbo rẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í sábà rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tó máa ń rántí ẹni tí kò tíì jẹun. Ó ti sọ fún onílé pé fídáù la fẹ́ ṣe fún ẹni wa kan tó kú. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀, ohun tó sì mọ̀ nípa fídáù kò ju pé àwọn Mùsùlùmí máa ń jókòó sórí ẹní, wọ́n á borí, wọ́n á ṣàdúà fún òkú. Lójú tirẹ̀, ta ló máa wá yọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́nu? Ó ra ẹní, ó ra tùràrí, ó ra búrẹ́dì àti àkàrà fún sàráà. Ó tilẹ̀ fi àmì lélẹ̀: ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ ni yóò máa bo ohùn wa. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ dákẹ́, kí gbogbo wa pa ọ̀rọ̀ tì, kí a máa pe Lá ìláha ìlálláhù.

Mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé fídáù kì í ní ilẹ̀kùn?”

“Báwo?”

“Ẹni tó bá ti gbọ́ ló ń yà. Ẹni tó ń kọjá lọ lè bọ́ bàtà, kó wọlé, kó ṣe àmín, kó gba sàráà tiẹ̀.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ká ní ó sọ pé ọjọ́ ìbí la fẹ́ ṣe, kò sí àlejò tó máa wọlé láì jẹ́ pé wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń gòkè bọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mi ò lè sọ bí àárọ̀ yẹn ṣe rí fún ọ tán. Obìnrin kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ṣọ́jà kò mọ bí wọ́n ṣe ń wé ìbòrí. Èmi ni mo bá a wé e, ó sì ń kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ òun di ìyá òun. Ọkùnrin kan tó ti Ìlàjẹ wá jókòó sí ọ̀tún mi, èékánná rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló kùn ní pupa, ó ní ọjọ́ kan péré yìí lòun fẹ́ fi kùn ún. A ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ń ké, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ìdí wa. Mi ò tíì rí irú wa tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójúkorojú rí. Inú mi dùn débi pé ó ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ béèlì ló wà lẹ́nu lọ́yà nígbà tí iná lọ. Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ fà, ó rọ̀, ó dákẹ́. Lọ́yà gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ Lá ìláha, àmọ́ ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ń pè é. Mo gbé ohùn tèmi sókè kí n lè bo tirẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n pè tẹ̀ lé mi, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń mi ètè. Ibi tí a ti ń pè é lọ́wọ́ ni mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

“Àsàlámù àléékúmù.”

Àáfà tó kọ́ mi ní kéwú ní Bárígà ni. Kàlẹ́ńdà ilé kéwú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ fún un nísàlẹ̀. Iná ti lọ, ó ń dúró, ó gbọ́ ohùn wa. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó gba àárín wa kọjá, ó sì jókòó síwájú níbi tí àáfà ń jókòó sí, nítorí ta ni kó dá a dúró? Ọkùnrin eléèékánná pupa fi ìdí jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Ẹ kú àdúà. Ta ni olóògbé?”

Lọ́yà sorí kodò bí ẹni tó ń ṣàdúà lọ́wọ́. Ojú Àáfà ń lọ láti orí ẹnì kan sí èkejì títí ó fi bà lé mi.

“Ṣé ìwọ kọ́ ni ọmọ Ìyá Onítùràrí?”

Mo kúnlẹ̀. “Èmi ni, sà.”

“Ta ló kú nílé yín tí a ò gbọ́?”

O mọ àwọn àgbà wa. Bí mo bá ní àbúrò bàbá mi ni, kó tó dìrọ̀lẹ́ yóò ti dé ìsọ̀ ìyá mi, yóò máa kí i kú àṣẹ̀yìndè, ìyá mi yóò sì béèrè pé ikú ta ni. Bí mo bá tún ṣẹ̀dá ẹnì kan láti inú afẹ́fẹ́, yóò bi mí lórúkọ ìyá rẹ̀, torí orúkọ òkú àti ti ìyá tó bí i ni wọ́n fi ń ṣàdúà fún un. Irọ́ tí mo bá máa pa gbọ́dọ̀ ní ìyá. Orúkọ kan ṣoṣo ló sì dìde nínú mi.

“Sùlàímọ́nà,” mo wí. “Sùlàímọ́nà, ọmọ Ràmọ́tà.”

Mo gbọ́ bí àwọn tó wà láyìíká mi ṣe mí kanlẹ̀. Télọ̀ ni Sùlàímọ́nà ní Pedro, ìsọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ mọ ara wa. Níbẹ̀ ni èmi ti kọ́kọ́ gbọ́ pé èmi nìkan kọ́. Ó ti tó ọdún kan tó ti kú. Nígbà tí a gbé oúnjẹ lọ bá wọn ṣọ̀fọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwa la pa á. A gbé oúnjẹ náà padà. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

“Kí ló jẹ́ sí ọ?” Àáfà béèrè.

“Ọ̀rẹ́ wa ni, sà. Ọ̀rẹ́ gbogbo wa.”

“Ìyá rẹ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n wà láyé, sà. Wọn ò wá.”

Kò béèrè ìdí. Ó ní ká ka Fátíhà, ó sì tẹ́ ọwọ́ àdúà. Ó bẹ Ọlọ́run kó tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè Sùlàímọ́nà, ọmọ Ràmọ́tà, kó fẹ̀ ẹ́ fún un, kó fojú fo àṣìṣe rẹ̀. Ìgbà kejì tó pe orúkọ náà ni ọkùnrin tó wà ní ọ̀tún mi bú sẹ́kún. Ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yọ, ó gbé wọn sókè bí gbogbo wa, àtẹ́lẹwọ́ sí ojú ara rẹ̀, èékánná pupa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí ojú Àáfà.

Àdúà dúró. Mo rí i pé Àáfà rí i. Ó wo ọwọ́ yẹn, ó wo ìbòrí tí mo wé fún obìnrin onírun ṣọ́jà, ó wá wo èmi. Nínú ọkàn mi, mo ti ń kó ẹrù mi jáde nílé ìyá mi. Lẹ́yìn náà ló di ojú rẹ̀, ó pe orúkọ Sùlàímọ́nà lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì ń bá a lọ títí omijé fi tán lójú wa.

Iná dé bó ṣe ń jẹ búrẹ́dì, ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo bá a gbé bàtà rẹ̀ dé orí àtẹ̀gùn. Ó wọ̀ ọ́ tán kó tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ máa ti ilẹ̀kùn yín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gòkè ló wá ṣe àmín.”

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ dé àárín, ó tún sọ̀rọ̀ láì wẹ̀yìn: “Má sì jẹ́ n tún bá ọ níbí.”

Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ojú ìyá mi ni mò ń ṣọ́. Nígbà tó yá, ó dá mi dúró nídìí ìsọ̀ rẹ̀. “Àáfà ní o ṣe fídáù ọ̀rẹ́ rẹ kan. Ọ̀rẹ́ wo?” Mo ní télọ̀ Pedro tó rán aṣọ Iléyá mi. “Áà, ọmọ tó níwà. Ọlọ́run á forí jì í. Kí ló dé tó ò sọ fún mi, kí n fún ẹ ní tùràrí gidi gbé lọ?” Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń to ìgò lọ́fínńdà tí kò nílò títò.

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì tí Àáfà sọ wò léraléra. Àwọn kan nínú wa ní ó dáàbò bò wá, àwọn kan ní ó lé mi ni. Lójú tèmi, méjèèjì ló ṣe, mi ò sì bínú sí i mọ́. Ohun tó kù sí mi lọ́kàn ni pé a lọ síbẹ̀ láti wá bí alààyè ṣe máa yè é, òkú ló sì bò wá láṣìírí. Àdúà tí àwọn ẹ̀gbọ́n òkú náà fi dù wá lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, inú irọ́ tiwa la ti rí i gbà, ó sì jẹ́ àdúà gidi. Wàá ti rí i pé mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó wá síbẹ̀. Wọ́n ṣì wà láyé, ayé sì lè fi imú wọn fọn fèrè. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọn ò lè mú mọ́, orúkọ tirẹ̀ ni mo sì lè pè síta. Sùlàímọ́nà ni, ọmọ Ràmọ́tà.