Lẹ́tà Bàbá Òfin

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, oníwàásù sì ni. Bàbá Òfin làwọn ọmọ àdúgbò ń pè é, kò sì bínú sí i, inú rẹ̀ máa ń dùn ni. Tó bá ti gun àga ìwàásù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin Ọlọ́run léraléra, ẹni tí kò ṣẹ̀ gan-an á máa wo bàtà ara rẹ̀. Èmi àbúrò rẹ̀ yìí sùn lọ nínú wàásù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi dá mi lóhùn. A sì jọ ń gbé ilé kan náà o!

Bẹ́ǹṣì kan wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ló kàn án. Kò ṣe ẹ̀yìn sí i. Ibẹ̀ lẹni tí ìjọ bá bá wí máa ń jókòó, títí á fi jẹ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ní ẹ̀yìn. Ó ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ò gbọdọ̀ rí nǹkan fẹ̀yìn tì.

Ọdún keje rèé tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, aránṣọ, lóyún láìlọ́kọ. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dìde tó tọ́ka sí bẹ́ǹṣì yẹn. Ọmọ náà rìn débẹ̀, ó wò ó, ó kọjá lára rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Kò tún fẹsẹ̀ tẹ ilé wa mọ́. Ìlú tí mọ́tò ń fi wákàtí méjì dé ló ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́: àárò ọmọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi. Tí obìnrin kan tó ga bí ọmọ rẹ̀ bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, á gbé ayùn sílẹ̀, á na ọrùn títí onítọ̀hún á fi yà ní kọ́nà. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba yàrá ọmọ náà. Òun ló ń gbá a ní gbogbo Sátidé.

Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó na ìwé kan sí mi, ó ní kí n bá òun kà á wò. "Ọmọ mi, àárò rẹ ń sọ mí. Wá ká jọ ṣe Kérésìmesì. Mú ọmọ rẹ dání." Omijé lé ròrò sójú mi. Àfi bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀ ìwé: "Ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ níwájú ìjọ, gẹ́gẹ́ bí òfin."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?"

"Òfin lòfin."

"Áà! Ẹ fọwọ́ ọ̀tún fún un, ẹ fi tòsì gbà á padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìlà yẹn rẹ́."

Kò pa á rẹ́. Olórí kunkun! Ó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó wá lọ ra ọ̀dà, ó kun yàrá náà.

Àárọ̀ Kérésìmesì pé, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́, a ò rí ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń wàásù, ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Òfin ló fi àìsàn wa hàn wá," ó ní, "kò lè wò wá sàn. Ṣé Ọlọ́run wá jókòó sọ́run, kó ní ká kọ́kọ́ wẹ̀ mọ́ ká tó wá bá òun? Rárá! Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa nínú ẹ̀gbin wa."

Ìjọ pariwo àmín. Òun dákẹ́. Mo rò pé ó gbàgbé ẹsẹ Bíbélì tó kàn ni. Ó pa Bíbélì dé, ó ní, "Ẹ forí jì mí," ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì wá bá mi níbi tí mo jókòó sí láàárín akọrin.

"Dìde. Mú mi lọ sílé ọmọ mi."

Ó ti mọ̀ pé mò ń yọ́ lọ síbẹ̀! Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n jù ú lọ.

Mọ́tò gbé wa débẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó dì mọ́ mi, ó wá wo bàbá rẹ̀ àgbà látòkè délẹ̀. "Ta ni bàbá yìí?"

Ẹni tó ń wàásù wákàtí méjì láì mu omi, fìlà ló ṣí, ó ń yí i lọ́wọ́. Ìyá ọmọ náà jáde sí wa, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bàbá, mi ò ní jẹ́wọ́ o."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Ó wo bàbá rẹ̀ títí. Ó wá gba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ti jẹun?" ló bi í.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Mo bá a sin ìyàwó rẹ̀, mi ò rí i kó sunkún báyẹn.