Ìṣẹ́jú Kan Péré Ni Wọ́n Fún Un

Ilé ìwé ìjọba kan nítòsí Kaneshie ni mo ti ń ṣe tíṣà. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, tí àwọn ọmọ mi sì ti lọ sí Nàìjíríà, kò sí ẹni tó ń sọ fún mi nílé pé ẹ kú àbọ̀. Nílé ìwé, èmi nìkan ni tíṣà tó jẹ́ Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi ló ń bá mi sọ èdè wa. Ìyá rẹ̀ ń ta ọṣẹ lọ́jà. Ìwé ò tètè yé e, nítorí náà àwa méjèèjì máa ń jókòó kàwé nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ. Ká sọ tòótọ́, èmi ni mo nílò ìjókòó yẹn jù.

Ìjọba wá ní owó tí àwọn ń fún ilé ìwé ò ní máa ṣàdéédé wá mọ́. Àwọn alábẹ̀wò á wá, ọmọ tí wọ́n bá mú á ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú kan. Bí àwọn ọmọ bá mọ̀ ọ́n kà, owó á wọlé. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, á dín. Mi ò rí aburú níbẹ̀. Ẹni tó ń gba owó nítorí ọmọ, ó yẹ kó lè fi ọmọ tó mọ̀wé hàn. Ṣùgbọ́n òrùlé wa ń jò, ẹ̀rù sì ń ba ọ̀gá wa obìnrin. Ó ní kí n sọ fún ìyá ọmọ yẹn kó fi í sílé lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ. Ọmọ tó ti ka odindi ojú ìwé létí mi, kí ló ń wá nílé?

Lọ́jọ́ tí àwọn alábẹ̀wò dé, òun gan-an ni wọ́n mú. Ọkùnrin alábẹ̀wò na ìwé sí i, ó tẹ aago. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó kí ọkùnrin náà, ó kí obìnrin tí wọ́n jọ wá, ó kí ọ̀gá wa, ó wá yíjú sí mi, ó ní ṣé mo sùn dáadáa. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn: a kì í kí àgbà kan ká fi ìkejì sílẹ̀. Orí mi wú, àfi ìgbà tí mo rí aago. Ó dìde, ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó kà á. Ó ka ìkejì. Aago dún.

"Kò mọ̀wé kà," ni ọkùnrin náà wí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó tún un kà. Ó ní bákan náà ni fún gbogbo ọmọ. Ẹ̀kọ́ ilé ló ṣàkóbá fún ẹ̀kọ́ ilé ìwé, inú sì bí mi débi pé mi ò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Owó dín lóòótọ́. Kì í ṣe òun nìkan ló kùnà, ṣùgbọ́n orúkọ èmi àti ọmọ náà ló wà lẹ́nu àwọn tíṣà tó kù. Tí mo bá wọ yàrá àwọn tíṣà, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Nígbà tó yá, ọmọ náà ò wá mọ́, mo bá lọ sọ́jà.

"Ẹ má bínú, mà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wọ́n ní ọmọ mi ló ba owó ilé ìwé jẹ́. Ojú ń tì mí. Ẹ jẹ́ kó máa bá mi tajà."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Mo ní kí wọ́n ta ọṣẹ kan fún mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí mi, ó wá fi ìka tẹ ara páálí ọṣẹ náà, ó sì ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n kọ wínníwínní. Ó gbójú sókè.

"Ṣé mo pẹ́ jù, mà?"

Mo ní rárá, mo sì mú ọṣẹ mìíràn, mo na páálí rẹ̀ sí i.