Ó Ń Nọ́ọ̀kì, Ó Ti Nọ́ọ̀kì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò fẹ́ràn mi, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ìfẹ́ ọmọ ìyá kiri nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ni ọkọ̀ bàbá wa, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan tí bàbá rà nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀dọ̀ mi ní Gwarinpa ni bàbá ń gbé nígbà àìsàn rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ rẹ̀ wà títí ó fi kú.

Èmi ni mo máa ń fi ọkọ̀ náà gbé e lọ sí ọsibítù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí à ń bọ̀, a yà sórí ìlà bẹntiróòlù. Èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀, bàbá jókòó sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò pa ẹ́ńjìnì nítorí pé ìlà ń sún díẹ̀díẹ̀. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n, ó ń pariwo gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá sì sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn pé, “Ọkọ̀ yìí, ìwọ ni kí o máa wà á títí yóò fi kú.”

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo sọ ọ́ níwájú ìyá wa àti àwọn àbúrò bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò jiyàn. Ó kàn ní ó dára, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá kú, kí a tà á, kí a sì pín in bí ogún yòókù. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń retí ikú ọkọ̀. Bó bá pè mí lórí fóònù, ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bèèrè kó tó bèèrè àwọn ọmọ mi.

“Ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń rìn?”

“Ó wà dáadáa, ó ní kí n kí yín.”

Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Láàárọ̀, yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bó bá dé ibi òkè, yóò máa rákò ni. Lọ́jọ́ tó wá burú, mo ń gun òkè Mpape lọ, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbà-gbà-gbà nínú ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mẹkáníìkì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ lágbègbè náà ni mẹkáníìkì ẹ̀gbọ́n mi, ará Ọ̀ṣun kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Wọ́n bá mi tì í débẹ̀, mo fi í sílẹ̀, mo gba ibi iṣẹ́ lọ.

Fóònù mi kú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mẹkáníìkì kò rí mi bá sọ̀rọ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo ṣe tan fóònù padà nírọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé sí mi létí.

“Ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì,” ló wí.

Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ nílùú wa mọ̀ pé bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ́ńjìnì tó ti nọ́ọ̀kì, òkú ni. Ó ti pe ìyá wa kó tó pè mí. Ó ti pe àwọn àbúrò bàbá. Ó tiẹ̀ ti rí ẹnì kan ní Zuba tó ń tú ògbólógbòó ọkọ̀ tà. Mo sunkún, inú sì bí mi pé mo sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ kó ẹrù mi kúrò nínú ọkọ̀: agbòjò, bàtà, fìlà bàbá tó wà nínú búùtù. Mẹkáníìkì ń wò mí.

“Àǹtí, kí lẹ̀ ń kó ẹrù fún?”

“Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì ni?”

“Èmi? Haba. Mo ní ó ń nọ́ọ̀kì. It is knocking. Kò tíì nọ́ọ̀kì.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ ní ó ti nọ́ọ̀kì.”

“Ẹ̀gbọ́n yín ò gbọ́ Yorùbá nìyẹn. Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, abeg.”

Mo dúró, fìlà wà lọ́wọ́ mi. Ó ń nọ́ọ̀kì, ó ti nọ́ọ̀kì. Ẹni tó ń wúkọ́ ni ìkínní, ẹni tí wọ́n ti gbẹ́ sàárè rẹ̀ ni ìkejì. Ẹ̀gbọ́n mi gba ohun tó ń wù ú gbọ́. Mo da ẹrù mi padà sínú ọkọ̀, mo fa táyà àlòkù kan, mo jókòó lé e. Mo ní n kò ní kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Mẹkáníìkì yẹn kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Ó bínú pé mo jókòó, ó bínú pé mo ń ra bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì. Ó tú ohun tó bo ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí afẹ́fẹ́ sínú, ó ní kí n wá wo ìwà ọwọ́ mi. Àwọn fáàfù, ìyẹn àwọn ìdérí tó ń ṣí, tó ń padé fún afẹ́fẹ́, wà nísàlẹ̀ ihò, èédú dì mọ́ wọn bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ti ń fi dáná igi láti ọdún pípẹ́. Ó ní irú ẹ́ńjìnì yìí, bẹntiróòlù kì í gba ara fáàfù kọjá, kò sí ohun tí ń ṣàn án, ẹni tó bá sì ń tan ọkọ̀ sílẹ̀ lórí ìlà ní gbogbo ìgbà kò ní í ṣàì rí i.

Ọwọ́ ló fi yí ẹ́ńjìnì títí fáàfù tó fẹ́ fọ̀ fi padé pinpin. Bí èédú bá gba ibẹ̀ bọ́ sínú sílíńdà, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń retí yóò ṣẹlẹ̀ ní ti gidi. Ó da oògùn sí i, ó jẹ́ kí ó rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, mo gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi láti kékeré ni mo fi ha fáàfù yẹn.

“Ẹ rọra,” mẹkáníìkì wí. “Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, but ẹ̀yin ẹ fẹ́ fọ́ àpáta fúnra rẹ̀.”

A ti dé fáàfù tó kẹ́yìn, a ti nù ún, a ti dè é padà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú ará Zuba rẹ̀, nínú ọkọ̀ ará Zuba. Kò kí mi. Èmi kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé wọ́n kọ́ mi nílé, mo sì fẹ́ kí ó rí i pé wọ́n kọ́ mi. Lẹ́yìn náà, mo wọ inú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́.

Kò gbọ̀n. Kò kan. Ará Zuba tẹ́tí sí i, ó ní, “Kai, motar nan lafiya lau take.” Ó ní ara ọkọ̀ yìí le koko, kí ni wọ́n wá gbé òun wá ṣe? Ó fi ìbínú wọ ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ níbẹ̀.

“Mo ní ó *ti ń* nọ́ọ̀kì ni,” ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo rẹ́rìn-ín sí i lójú. N kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ó sì dùn mọ́ mi. Mo ní kí ó wọlé kí n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, ibi tó jókòó sí lọ́jọ́ ọsibítù. A ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, mo ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kékeré ni ènìyàn máa ń ṣì gbọ́ tí yóò fi ba ilé jẹ́.

“Òótọ́ ni,” ló wí. “Bàbá ò sọ pé títí *yóò* fi kú. Títí *n óò* fi kú ló sọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà náà?”

“Màámi ń sunkún. Mo sì rò pé ọkọ̀ ọ̀hún ò ní pẹ́ kú.”

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rántí fèrèsé tó ṣí, mo rántí ariwo ẹ́ńjìnì lọ́jọ́ náà, àti pé ẹ̀yìn ni bàbá ti sọ̀rọ̀. Mo gbájú mọ́ títì. Ọkọ̀ náà ti wá dákẹ́ rọ́rọ́, n kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.