Fákọ̀yà àti Ìwé Imí Ọjọ́

Fákọ̀yà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé imí ọjọ́ a máa yọ́ nínú omi bí iyọ̀. Kò dán an wò. Ó kàn rò ó ni. Èmi tíṣà rẹ̀ bu omi sínú ife, mo ní kó da ìyẹ̀fun imí ọjọ́ sí i, kó sì máa rò ó. Ó rò ó títí ọwọ́ fi ro ó. Kò yọ́. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún un pé láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tí kò bá ti ọwọ́ ara rẹ̀ wá, kó kọ orúkọ ẹni tó fi hàn án sí abẹ́ rẹ̀.

Ọdún 1927 ni, ní ilé ìwé ìjọ kan ní Ẹdẹ. Mo ti pín iṣẹ́ fún kíláàsì karùn-ún pé kí olúkúlùkù wádìí ohun kan nínú àwọn ohun tí kò ṣeé tú sí nǹkan mìíràn mọ́, bó ti wù kí èèyàn fọ́ ọ tó. Ẹnìkan gba irin, ẹnìkan gba bàbà, ẹnìkan gba òjé. Imí ọjọ́ kan Fákọ̀yà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Irùngbọ̀n ti kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní Bàbá Kíláàsì. Ìdílé àgbẹ̀ tó ń bọ òrìṣà ló ti wá, lọ́nà Sekona. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ògúndèyí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ní ìlú Ara nítòsí Ẹdẹ, ló tọ́ ọ dàgbà.

Ó ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Ó ra imí ọjọ́ lọ́wọ́ Àwáwù tó ń tà á lọ́jà, ó sun ún, ó kọ ọ́ pé iná rẹ̀ dà bí aró, èéfín rẹ̀ sì ń há ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Ara. Àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ń fi imí ọjọ́ ṣe ẹ̀tù ìbọn fún àwọn ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti ka ṣíṣe ẹ̀tù nílé léèwọ̀. Ògúndèyí kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀sín.

“Tíṣà yín kò ríṣẹ́ ṣe ni, tó fi ń wádìí ohun tí ìyá yín fi ń pa yín lára nígbà tí ara bá ń yún yín?”

Síbẹ̀ ó fi iṣẹ́ ẹ̀tù náà hàn án, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Fákọ̀yà kò fi ẹnu sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. “Bàbá kan ní Ara” ló kọ́kọ́ kọ sábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo fi tàdáwà pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, “Bàbá wo? Kọ orúkọ rẹ̀.” Ó kọ ọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀tù bú gbàmù nínú ahéré kan lọ́nà Ara, ó gé àgbẹ̀ kan níka. Ẹ̀tù náà kì í ṣe ti Ògúndèyí, ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe ẹ̀tù, kí wọ́n mú un. Wọ́n bi àwọn tó ń ta imí ọjọ́ léèrè àwọn oníbàárà wọn. Òótọ́ ni Àwáwù sọ: akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú wọn, ó nírùngbọ̀n.

Wọ́n dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. A rí wọn lójú fèrèsé: akọ́dà méjì, àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀, àti Olúmúyìwá, akọ̀wé kóòtù, tó mọ ìwé í kà dáadáa, bí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kò tilẹ̀ dára. Wọ́n ń bi àwọn ọmọ kékeré léèrè ibi tí kíláàsì karùn-ún wà. Gbogbo ìwé iṣẹ́ náà wà lórí tábìlì mi. Ògúndèyí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ikọ́ sì ti wọ̀ ọ́ lára. Bó bá wọ ẹ̀wọ̀n, kò ní jáde láàyè.

Fákọ̀yà dìde. Ó ní, “Tíṣà, àṣìṣe kan wà nínú ìwé mi. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ.”

Èmi ni mo yẹ ìwé náà wò. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀ mọ́. Mo fà á lé e lọ́wọ́.

Ó jókòó, ó ti gègé bọ inú tàdáwà. Kò kánjú. Ariwo gègé lára tákàdá nìkan là ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n fi wọlé, tàdáwà náà kò tíì gbẹ.

Olúmúyìwá rí irùngbọ̀n Fákọ̀yà, ó gba ìwé rẹ̀, ó ṣí ewé kan, ó ṣí èkejì. Ó dúró níbi tí wọ́n ti pa orúkọ kan àti ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́ títí tákàdá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ohun tó wà lókè rẹ̀ ni: “Èmi Fákọ̀yà ni mo ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi.”

“Ìwọ lo mọ ẹ̀tù ṣe, ìwọ ọmọ ilé ìwé?”

“Èmi ni, sà.”

“Orúkọ ta lo wá pa rẹ́?”

“Àṣìṣe ni, sà. Tíṣà wa kì í gba àṣìṣe.”

Akọ̀wé náà fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ó kọjú sí mi. “Tíṣà, bàbá wo lẹ ń béèrè níbí?”

Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì náà, wọn kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé mo ṣe àṣìṣe. Mo ní, “Àṣìṣe tèmi ni. Ìwé ẹlòmíràn ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí.”

Olúmúyìwá gbé ewé náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Orúkọ náà kò ṣeé kà. Ó ní kí àwọn akọ́dà so Fákọ̀yà lọ́wọ́.

Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un. Orí ẹní nílé ara rẹ̀ ni Ògúndèyí kú sí ní Ara, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní Ẹdẹ ń sọ pé wọ́n lé Fákọ̀yà kúrò nílé ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni kò padà wá. Ibi tí a gbọ́ pé ó wà gbẹ̀yìn ni Jẹ́bà, láàárín àwọn tó ń tún ojú irin rélùwéè ṣe, lóṣù kẹta ọdún 1931.