Ẹsẹ̀ Ni Mo Fi Ń Lọ Síbi Iṣẹ́

Nígbà ìjọba ológun, ní ọdún tí SAP, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, le jù, bí ènìyàn bá gbẹ díẹ̀ báyìí, wọn á ní ebi ló ń pa á. Ohun tó sọ mí di ẹni àpérò nílé ọkọ mi nìyẹn.

Iléeṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà wọn yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè, kò tíì di àtọ̀gbẹ, òun ò sì ní fún mi lóògùn. Kí n dín ẹ̀bà àti búrẹ́dì kù, kí n yé mu mínírà, kí n máa rìn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Àtọ̀gbẹ ló jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá mi, èmi ni mo sì ń gbé wọn lọ sílé ìyàgbẹ́.

Ni mo bá yé wọ mọ́tò. Láti Agége, mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rélùwéè fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Òkèlè mi kéré, ẹ̀fọ́ rẹ̀ pọ̀. Nígbà tó yá, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù mí lọ, inú mi sì dùn.

Àwọn ará àdúgbò ò bá mi yọ̀ o. Wọ́n ní ọkọ mi ò lówó mọ́tò tó lè fún mi mọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó fẹ́ fi owó mọ́tò ṣàánú mi. Ọkọ mi gbọ́, ojú tì í, ló bá ń ra móòtì àti mílíìkì wálé kí n lè sanra. Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí ojú àwọn ènìyàn kúrò lára òun ná. Èwo ni "ná"? Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi máa dúró dè é ni?

Ó lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin náà dé, wọn ò bi mí ní nǹkan kan, ilé ìdáná ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n ro ọkà bàǹtàbanta, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ìdí àwo. Mo jẹ díẹ̀, mo fọwọ́. Wọ́n ní mo ń dójú ti àbúrò àwọn.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ojú ti àbúrò yín. Wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá mi. Èmi fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì darúgbó."

Àǹtí ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Dókítà ní ṣúgà náà ti wálẹ̀ dé ibi tó yẹ kó wà, kí n má ṣe dẹwọ́. Mo sáré wálé wá sọ fún Àǹtí àti ọkọ mi. Àǹtí rẹ́rìn-ín, wọ́n fà mí mọ́ra.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé o ti wá rí i báyìí pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ọ́ látilẹ̀? O kàn ń febi pa ara rẹ lásán ni."

Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú tó bí mi lọ́jọ́ yẹn, kò tíì rọ̀ títí dòní.